Sílíńdà Ìrẹ̀mídé

Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2024.

Abọ́sẹ̀dé, Àpínkẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tí ẹ jọ ń gbé. A ṣọdún, a kò ṣàìsàn. O ṣeun tí o fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sí èmi tí ooru fẹ́ pa. Kaosarah, ayálégbé mi tó wà ní yàrá iwájú, ti gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò máa wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Dùgbẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Òun náà ni yóò ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Má tún bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ fóònù. Fóònù ni wọ́n fi pè mí lọ́jọ́ tí tírélà gbá Ìrẹ̀mídé ẹ̀gbọ́n rẹ pa ní Ring Road, láti ìgbà náà ni n kò ti jẹ́ kí nǹkan náà kan etí mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo bá wá. Mo ti ra léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fá a. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń fá irin ní Olúyọ̀lé títí mo fi fẹ̀yìn tì ti kógbá sílé, wọ́n sì ń ta ẹ̀rọ wọn. Èyí tí mo lò jù nínú wọn ni mo rà, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìyá rẹ kó tó di olóògbé: mo mọ ibi tó ti máa ń bínú. Inú gáréèjì ló wà báyìí. Mọ́tò ń sùn níta.

O rántí ẹ́ńjìnnì tí èmi àti Ìrẹ̀mídé bẹ̀rẹ̀, ti ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré, onísílíńdà méjì, tí gbogbo rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àdéhùn wa ni pé kí òun fá sílíńdà kan, kí èmi fá èkejì. Ó parí tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kú. Inú àpótí ni mo tọ́jú rẹ̀ sí láti ọdún wọ̀nyí, nínú aṣọ tí mo fi òróró pa. Mo fẹ́ fá tèmi báyìí. Bá mi ra bẹ́árìn kékeré àti pọ́lọ́ọ̀gì kékeré méjì tí yóò máa tan iná sí epo inú rẹ̀, n kò rí irú wọn ní Ìbàdàn.

Kí n má parọ́ fún ọ, ojú mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ọ́kán nìkan ni mo ń rí dáadáa, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti ń ṣú, bí ẹni ń yọjú láti inú páìpù. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́kán náà ni wọ́n ń wò nídìí léèdì, nítorí náà má fòyà.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì yìí bá kọ́kọ́ dún, ọ̀dọ̀ Ìrẹ̀mídé ni mo fẹ́ kó ti dún. Ìwọ àti Luqman ọmọ àbúrò mi lẹ tẹ̀ lé òkú rẹ̀ lọ. Èmi, yàrá ni wọ́n tì mí mọ́, wọ́n ní òbí kì í fojú rí oórì ọmọ. Mo gbà nígbà náà. N kò gbà mọ́. Níbo lẹ sin ín sí?

Bàbá rẹ,
Gbádérọ̀ Ògúnlẹ́yẹ.


Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú àjínde ara. Mo bá yín yọ̀ fún léèdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ibi tí ẹ ti rí owó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ òtútù, ó dára náà, kí Kaosarah máa wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Nínú ilé tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí, bàbá kan wà tó sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, pé inú páìpù ni òun ti ń wo ayé. Ó kọ̀, kò lọ ṣe ìtọ́jú. Lónìí èmi ni mò ń fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Àìsàn náà kì í dunni, ìdí nìyẹn tó fi burú. Bàbá mi, ojú lọba ara. Báwo ni ẹni tí kò rí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ ṣe ń dúró ti irin tó ń yí?

Mo ti fi bẹ́árìn rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Pọ́lọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí Kaosarah bá fi fọ́tò ìwé dókítà ojú ránṣẹ́ ni wọn yóò gbéra. Ẹ bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́, mo fara mọ́ ọn.

Ìbéèrè kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́. Àwọn àgbà ẹbí mú èmi àti Bọ̀dá Luqman búra kí a tó gbé e kúrò nílé. Ohun tí mo lè sọ ni pé ibi tó dára ló wà, ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn tó yín.

Ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé.


Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Àpínkẹ́,

Mo kí ọ, bí ẹlẹ́wọ̀n ṣe ń kí wọ́dà. O fi pọ́lọ́ọ̀gì dè mí mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi. Ó dára, mo ti lọ. Dókítà tan iná sí mi lójú títí omi fi bọ́. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé kí n máa kán oògùn sí ojú kí èyí tó kù má bàa sáré tẹ̀ lé e. Ìwé rẹ̀ nìyí, Kaosarah ti yà á. Mò ń kán oògùn náà nígbà tí mo bá rántí.

Bẹ́árìn dé, ó sì wọlé rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún ọ. Mo wọn sílíńdà Ìrẹ̀mídé, mo bá a pé ó ti fá inú rẹ̀ kọjá ibi tí a fẹnu kò sí. Ohun tó fi kọjá kò tó irun orí, ṣùgbọ́n ó kọjá. O mọ ìkánjú ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí sílíńdà méjì kò bá dọ́gba, ọ̀kan yóò máa fa èkejì sẹ́yìn ni. Ẹlòmíràn ìbá ju tirẹ̀ nù kó fá méjì tuntun. Èmi, àṣìṣe tó ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ tún ṣe sínú tèmi. Wọ́n ti dọ́gba. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́yìn ìyẹn, mo sunkún díẹ̀, mo sì tún dìde.

O bèèrè owó léèdì. Ilẹ̀ wa tó wà lẹ́yìn Àpáta, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni mo tà ní ọdún tó kọjá. Kí ni arúgbó bíi tèmi fẹ́ fi kọ́ ilé mọ́? Ìwọ wà ní òkè òkun, ẹni tí ìbá jogún rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Má sọ fún Luqman tàbí bàbá rẹ̀, wọn yóò ní kí ló dé tí n kò pe ẹbí. Òógùn ojú mi ni mo fi rà á, n kò pe ẹnikẹ́ni nígbà tí mò ń rà á.

Fi pọ́lọ́ọ̀gì ránṣẹ́ báyìí. Kí o sì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kejì.

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Bọ̀dá Luqman,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ààwẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí bí mo bá pè yín, ẹkún ni n óò máa sun.

Bàbá ti ta ilẹ̀ ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọ́n fi owó rẹ̀ ra léèdì tí wọ́n fẹ́ fi parí ẹ́ńjìnnì Ìrẹ̀mídé. Bọ̀dá mi, ilẹ̀ náà ni. Ibi tí èmi àti ẹ̀yin dúró sí lábẹ́ igi káṣú ni wọ́n tà. A ní kò sí ibi tó dáa tó orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò lé e kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé bàbá fúnra wọn kò mọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ibẹ̀ fún mi. Bí wọn kò bá tíì fọwọ́ kàn án, a lè bẹ ẹni tó rà á kó jẹ́ kí a gbé e. Bàbá ń retí èsì mi, n kò sì mọ ohun tí mo lè kọ.

Àbúrò yín,
Abọ́sẹ̀dé.


Àpáta, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, ọdún 2024.

Bọ́sẹ̀,

Mo kí ọ. A túnu lánàá, ṣùgbọ́n n kò jẹ oúnjẹ ọdún kankan, nítorí kí n tó jókòó kọ èyí mo tún padà lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá ló wà lórí ilẹ̀ náà. Wọ́n ti hú igi káṣú, wọ́n sì ti da kọnkéré láti igun dé igun. Mo bá fóòmánù wọn, mo bi í bóyá wọ́n bá nǹkan pàdé nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ó ní àwọn kò rí nǹkan kan. Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó rà á kò jẹ̀bi, kò sí àmì kankan tí a fi síbẹ̀. Àwa ni a ní kí á má fi àmì sí i, kí bàbá má bàa fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ kan.

Má sọ fún Bàbá Challenge. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run. Mo yà sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n na ọwọ́ sí mi láti bọ̀ mí lọ́wọ́, ọwọ́ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìròyìn yìí yóò pa wọ́n. Ìtẹ́ òkú ìjọ kan wà níbí, sàréè kan wà ní igun rẹ̀ tí kò lórúkọ, ẹnikẹ́ni kì í wá síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣáà fẹ́ mọ ibìkan, a ó mú wọn lọ síbẹ̀. Irọ́ ni, mo mọ̀. Irọ́ tó ń gbé arúgbó ró ni.

Luqman.


Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Abọ́sẹ̀dé,

Ọwọ́ Kaosarah lo ń wò yìí, ẹnu mi ló ń sọ ọ́. Páìpù náà ti dí. Mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bi í pé ṣé ilẹ̀ kò tíì mọ́ ni, ó ní oòrùn ti yọ tipẹ́. Báyìí ni mo ṣe mọ̀.

Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí ọ láti oṣù kẹta, o kò fèsì. Ṣé nítorí ilẹ̀ tí mo tà ni? Bí o bá fojú sí ogún, sọ ọ́ kí n gbọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kì í ṣe ọmọ tí mo bí ló ń ṣe báyìí.

Iṣẹ́ kò dúró. Kó tó di pé ojú lọ pátápátá ni mo ti fá èyí tó jẹ́ ti léèdì tán, ìyókù, ìka ni mo fi ṣe é. Bí a ṣe ń mọ̀ pé písítìn, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà, bá a mu, a ó fi àtàǹpàkò dí ìsàlẹ̀ sílíńdà, a ó ju písítìn sí i láti òkè. Bó bá já bọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá dúró lórí afẹ́fẹ́ tí kò sọ̀kalẹ̀, ó pé. Mo ju ti Ìrẹ̀mídé, ó dúró. Mo ju tèmi, ó dúró. Irú nǹkan yìí, mi ò nílò ojú fún un. Kaosarah ní kí ni mò ń rẹ́rìn-ín sí, mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ohun gbogbo ti wà ní ìdí rẹ̀ àfi pọ́lọ́ọ̀gì méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà bí o ṣe wí, ojú sì lọ bákan náà. Kí ló tún kù tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Sọ ibi tí ọmọ mi wà fún mi. Mo bẹ̀ ọ́, èmi tí mo bí ọ.

Gbádérọ̀ Ògúnlẹ́yẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo forí balẹ̀, ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe nítorí ogún. Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe nítorí ogún.

Mo ka lẹ́tà yín níbi iṣẹ́, n kò lè parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Pọ́lọ́ọ̀gì ti ń bọ̀. N kò tètè fi wọ́n ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí yóò máa dùn mí títí.

Ní ti Ìrẹ̀mídé, Bọ̀dá Luqman yóò mú yín lọ. Ìtẹ́ òkú ìjọ kan ni, ní Àpáta. Ẹ má pẹ́ jù níbẹ̀, ẹ má sì jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Ọmọ yín,
Abọ́sẹ̀dé.


Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Àpínkẹ́ ọmọ mi, ọmọ tó gbọ́ràn,

Kaosarah ló ń kọ ọ́, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Báwo ni n ó ṣe rọra sọ̀rọ̀? Ire tí o ṣe mí yìí, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe é fún ọ. O kò ní fi ọwọ́ rẹ wá ohun tó sọnù kí o má rí i.

A lọ. Luqman di ọwọ́ mi mú títí a fi dé igun náà. Mo fi ọwọ́ wá etí sàréè náà yí po, mo sì bá a wí pé kí ló dé tí ẹ kò kọ orúkọ sí i. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́: Ìrẹ̀mídé Ògúnlẹ́yẹ. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ, ti èmi àti òun ni.

Mo ti de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ pákó, mo gbé e lé orúnkún. Luqman bu epo rẹ̀, sípíríìtì àti òróró lárà tí a pò mọ́ra, sí i, Kaosarah gbé bátìrì sí pọ́lọ́ọ̀gì. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, igi ọ̀gánwó ni mo fi gbẹ́ ẹ. Mo fi ìka ta á, ó kọ̀. Mo tún ta á, sílíńdà kan sọ̀rọ̀, èkejì yadi. Mo mọ̀ pé tèmi ló yadi. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gé mi níka, méjèèjì sì dún papọ̀. Abọ́sẹ̀dé, ó dún débi pé ẹyẹ fò lórí igi. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó ń gbọ̀n nínú ọwọ́ mi bí ọmọ tuntun tó ń ké. N kò pa á, mo jẹ́ kó mu epo rẹ̀ tán. Luqman sunkún ju èmi lọ. N kò mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wé e sínú aṣọ olóróró, mo ní kí Luqman gbẹ́lẹ̀ níbi orí rẹ̀, mo sì fi ẹ́ńjìnnì náà síbẹ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n gbé e padà sílé. Ilé wo? Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í ló wà yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan péré ló kù, n kò ní bẹ̀ ọ́ mọ́ láyé. Ààyè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bá ẹni tó ń tọ́jú ìtẹ́ náà sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìwọ ni yóò sin mí, ibẹ̀ ni kí o sin mí sí.

Bàbá rẹ tí inú rẹ̀ dùn,
Gbádérọ̀.


Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Kaosarah, jọ̀ọ́, fún bàbá ní àga kí o tó ka èyí. Kà á tán, má fo nǹkan kan.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ kò rí mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹ̀bẹ̀ tí ẹ bẹ̀ kẹ́yìn yẹn, bóyá ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí sàréè tèmi. Ṣùgbọ́n n kò lè sin yín ti ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí.

Ìrẹ̀mídé kò sí ní ibi tí ẹ lọ. N kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ yín ní ọ̀nà Abẹ́òkúta la sin ín sí, lábẹ́ igi káṣú. Wọ́n ní kí a má sọ fún yín, a kò sọ. Ẹ̀yin náà kò sọ fún ẹbí kí ẹ tó ta ilẹ̀ náà. Nígbà tí mo gbọ́, Bọ̀dá Luqman sáré lọ, ó bá kọnkéré lórí rẹ̀. Èmi ni mo gbà kí a mú yín lọ síbòmíràn. Ẹ má bá a wí. Èmi ni ọmọ yín, èmi ni kí ẹ bá wí.

Abọ́sẹ̀dé.


Challenge, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 2024.

Abọ́sẹ̀dé,

Kaosarah ka lẹ́tà rẹ. Mo ní kó tún un kà, ó ní òun kò lè kà á mọ́.

N kò ní sọ pé n kò bínú. Mo lọ sínú gáréèjì, mo fọwọ́ wá léèdì náà títí mo fi rí i, mo sì gbé òòlù sókè. Lẹ́yìn náà mo sọ òòlù sílẹ̀. Irin kò mọ ohun tí wọ́n tà kí wọ́n tó rà á.

Ẹ́ńjìnnì náà, ẹ má hú u. Ẹni tó wà níbẹ̀ náà ní bàbá, bóyá bàbá rẹ̀ kò mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n kí Luqman lọ pa orúkọ Ìrẹ̀mídé rẹ́ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹni ẹlẹ́ni sinmi.

Mo ní kí Luqman mú mi lọ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, kí n kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn. Ó kọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó ní òbí kì í fojú rí oórì ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí náà la fi ta ọmọ mi. Ìwọ ni kí o bá mi sọ fún un, tìrẹ ni yóò gbọ́. Sọ fún un pé ojú ni wọ́n fi òfin náà dè, ojú sì ti lọ. Kó wá mú mi.

Bàbá rẹ.